Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Jẹ́ Kí Màmá Mi Sọ Tán

Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màmá mi gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lórí fóònù. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, tí mo sọ ọ́ di àdúrà.

"Ọkọ mi, bí mo bá kú..."

"Ẹ ò ní kú, Màmá."

"Mo gbọ́. Mo ní bí mo bá..."

"Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ ṣe àmín."

"Àmín," ni wọ́n á wí, wọ́n á wá bi mí bóyá òtútù ti dínkù.

Wọ́n wà nílé bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì, n'Ibadan. Èmi wà ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí n tó kúrò nílé, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe oníròyìn rédíò. Mo ti gbé máíkì sẹ́nu oníjìbìtì, mo ti gbé e sẹ́nu ọlọ́pàá, mo ti gbé e sẹ́nu ìyá tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà'ba, mo sì jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Màmá mi nìkan ni n kò jẹ́ kí wọ́n dé òpin gbólóhùn kan.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni gbogbo agboolé wa. Màmá mi lo ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ kí wọ́n tó bí mi, ìjọ Aládùúrà kan ní Àrẹ̀mọ ló sì bá wọn gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n bímọ tán, bàbá mi pè wọ́n, wọ́n ní, "Ọlọ́run tó dá ọ lóhùn ni kó o máa sìn. Ṣùgbọ́n má fi sùtánà gbálẹ̀ ilé mi o." Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Sùtánà màmá mi gùn lóòótọ́.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Ní kùtùkùtù, ìpè ìrun á kọ́kọ́ dún láti mọ́ṣáláṣí iwájú ilé, agogo ìjọ wa á tẹ̀ lé e. Bí oorun bá gbé mi lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, Mùsùlùmí ló ń wá kan ilẹ̀kùn mi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ti ń kọrin o. Bí mo bá fẹ́ bínú sí ẹnìkan ní Bẹẹrẹ, a rí ẹni tó máa ní, "Ṣebí ọmọ Ìyá Aládùúrà nìyẹn." Inú mi á rọ̀, tipátipá. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogójì ọdún kí n tó mọ̀ pé n kò dá ìgbàgbọ́ mi rù rí. Àdúgbò ló ń bá mi gbé e.

Màmá mi mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo ti ń retí òróró àti omi àdúrà. Wọn ò fún mi ní ìkankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Níbi tó ò ń lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Gbogbo ohun tó o bá ṣe níbẹ̀, ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Àwọn èèyàn ti kìlọ̀ fún mi nípa òtútù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, mo sùn di aago mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bi ara mi léèrè: bí n kò bá dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ayé, ta ló máa mọ̀? Mo wá a títí, n kò rí ẹnì kan.

Mo wọ bàtà. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ni mo wọ̀. Àwa méjìlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló lè bí mi lọ́mọ. Orin wọn lọ́ra, bí ẹni pé ẹni tó ń lu dùùrù ń wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi. Nígbà tí ìsìn parí, mo bá wọn to àga. Mo to àga fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí ìyá kan tó sọ fún mi pé, "A ti ń pe ọjọ́ Ìsinmi tí o kò bá wá ní ọjọ́ ẹ̀yìn ríro." Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Ẹnìkan ti ń mọ̀ bí mo bá wá, ó sì ń mọ̀ bí n kò bá wá.

Iṣẹ́ tí mo rí ni èyí tí gbogbo wa níbẹ̀ ń pè ní kẹ́à. Ilé àgbàlagbà kan dé ilé àgbàlagbà mìíràn ni: kéèyàn wẹ̀ fún wọn, kó wọṣọ fún wọn, kó fún wọn ní oògùn, kó po tíì, kó sì kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú fóònù iṣẹ́ kó tó jáde. Ojú ti ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ti ń jáde lórí rédíò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún àwọn ará ilé pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlera. Bùọ̀dá Múfú ló tú mi fó. Ọmọ ìyálé màmá mi ni wọ́n, awọ bàtà ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba, àwọn sì ni olórí agboolé wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú.

"Iṣẹ́ ìlera wo?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé inú bàálù lo ti di dókítà ni?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó."

"Ò ń wẹ̀ fún wọn?"

"Mò ń wẹ̀ fún wọn."

"Ṣebí ohun tí a ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ wa ṣe fún wa nìyẹn. Kí lo wá ń fi pamọ́?"

Láti ọjọ́ yẹn, mo pinnu pé n kò ní parọ́ nípa iṣẹ́ náà mọ́, n kò sì ní parọ́ nínú rẹ̀. Èkejì ló le jù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ṣe é ní méjìlá, tí wọ́n á kọ ọgbọ̀n sílẹ̀. Káyọ̀dé, ọmọ Oníyanrìn n'Ibadan, tí a jọ ń gbé ilé kan, tí a sì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, kò lóye mi rárá.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá yẹn ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti gba oògùn. Kí lẹ tún jókòó ṣe? Ṣé irun orí ẹ̀ lẹ̀ ń kà ni?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ta ló ń wò yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó."

"Ẹ̀yin ará sùtánà," ni Káyọ̀dé wí, ó ń mi orí. "Ẹ máa fi ìwà yín ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni."

N kò lè sọ pé n kò fi í yangàn nínú ọkàn mi. Mo rí ara mi bí ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe onígbàgbọ́ nígbà tí ojú kankan ò sí níbẹ̀: òótọ́ nínú ìwé, àkókò pípé, ẹnu rere. Ẹnu rere yẹn gan-an ló kó bá mi.

Ọkùnrin tí Káyọ̀dé ń sọ ni Arthur. Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, wọ́n sì ti wa reluwé nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Margaret, ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Òfin ibi iṣẹ́ ni pé ká máa pe olúkúlùkù lórúkọ bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kọ̀ láti pe ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ ní "Arthur" lásán. Mo ń pè wọ́n ní Bàbá.

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Bí a ṣe ń pe ẹni tó lè bí wa nìyẹn."

"Ọmọ kan ni mo bí, obìnrin sì ni."

"Ẹ ti di ọlọ́mọ méjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. A mọwọ́ ara wa. Tíì nìkan ni wọn ò fojú fò fún mi. Ó ti fúnfun jù, ó ti dúdú jù, ó ti tutù. Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ó ti ń fara jọ tíì." Mo pe màmá mi lọ́jọ́ náà láti sọ fún wọn. Inú wọn dùn bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n ní, "Nígbà tí mo bá kú, mi ò fẹ́ òdòdó."

"Ẹ ò ní kú, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ ò ní kú. Ẹ ó pẹ́ láyé, lórúkọ Jésù."

Wọ́n wò mí títí. "Kí ni mo tún fẹ́ pẹ́ ṣe?"

Ẹni tí wọ́n bí nílé wa máa mọ ìdí tí mo fi dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbàlagbà bá sọ pé "bí mo bá kú," gbogbo ìyàrá ló máa já lu ọ̀rọ̀ náà kó tó sọ èyí tó kù: ẹ ò ní kú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ máa rí ọmọ ọmọ yín. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ tó dákẹ́, wọ́n lè máa wò ó bí ẹni tó ń retí ogún. Àwa Aládùúrà tún wá fi tiwa kún un. Ẹ̀mẹ́ta ni Bàbá Arthur dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀mẹ́ta ni mo sì fi àdúrà ká a nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ kankan mọ́ ju "ó ṣeun" lọ. Mo rò pé àìsàn wọn ló ń le sí i.

Denise, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, pè mí. Ó fi àga lọ̀ mí, ó ti ilẹ̀kùn.

"Margaret kọ̀wé sí wa," ló wí. "Ó ní bàbá òun ń fẹ́ sọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n sin òun. Ó ní òun ò lè gbọ́ ọ nítorí ẹkún, bàbá náà sì mọ̀. Ìwọ ló yàn láti sọ ọ́ fún. Ó ní gbogbo ìgbà tó bá ti lanu ni ò ń gbàdúrà lé e lórí."

"Àdúrà rere ni."

"Rere fún ta?"

Mo dìde lórí àga tó fi lọ̀ mí.

"Ọkùnrin yẹn ń kú," ni Denise wí, láìgbóhùn sókè. "Dókítà mọ̀. Ọmọ ẹ̀ mọ̀. Òun gan-an mọ̀. Ìwọ nìkan lo kọ̀ láti mọ̀."

Ó yọ mí kúrò nílé náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á kọ ìwé ìkìlọ̀ sórí mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Inú kọ́kọ́ bí mi: wọ́n fẹ́ kí n sẹ́ Olúwa mi nítorí oúnjẹ. Mo ti rìn jìnnà kí èrò mìíràn tó wọlé. Olúwa fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ fún àwọn tó sún mọ́ ọn, ọ̀kan nínú wọn sì fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" já lu ọ̀rọ̀ náà. Láti kékeré ni mo ti mọ irú èsì tó gbà: pé kó kúrò lẹ́yìn òun. N kò ronú rí pé èmi lè jẹ́ ẹni yẹn. Mo ń jókòó ti Bàbá Arthur títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù á fi pé, nítorí kí n má bàa rẹ́ wọn jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí n fi ìṣẹ́jú náà ṣe, n kò ṣe é.

Nígbà tí mo padà síbẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì."

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Ṣé o mọ̀wé kọ?"

"Òun ni mo fi ń jẹun tẹ́lẹ̀."

Wọ́n ń sọ ọ́, mo ń kọ ọ́. Wọn ò fẹ́ òdòdó. Wọn ò fẹ́ pósí tó ń dán. Kí ọkọ̀ tó bá gbé wọn gba orí afárá reluwé, kó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kí Margaret má wọ dúdú, kò yẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ tán, mo kà á fún wọn bí mo ṣe máa ń kà á fún ẹni tí mo bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

"Mi ò sọ pé 'ẹ jọ̀wọ́' níbi afárá yẹn. Yọ ọ́."

Mo yọ ọ́.

"Tó o bá fẹ́ gbàdúrà báyìí, gbà á," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n má bẹ̀ ẹ́ pé kó dá mi dúró."

N kò gba àdúrà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mo dúpẹ́ fún reluwé, mo dúpẹ́ fún Margaret, mo sì ní kí Ọlọ́run gbà wọ́n bí bàbá ṣe ń gba ọmọ tó ti àjò dé. Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n kú láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ dúró lórí afárá, Margaret wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a to àga tán, mo pe Ìsàlẹ̀ Òsì.

"Màmá, ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi."

"Ta ló kú níbẹ̀?"

"Bàbá kan tí mò ń tọ́jú ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́, Màmá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Ẹ máa ń ní 'bí mo bá kú.' Mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ tán rí."

Mo ń gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń gun òkè Mapo. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan lódò.

"O ò ní já lu ọ̀rọ̀ mi?"

"Mi ò ní já lù ú."

"O ò ní gbàdúrà?"

"Ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ tán."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì yípadà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń rán mi níṣẹ́ lọ sọ́jà. "Bí mo bá kú, kí wọ́n sin mí lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yìn ìrun àsùbáà ni bàbá ẹ kú. Nígbà tó máa fi di ìrun alásárì, wọ́n ti sinmi. Mo jókòó ti ibojì wọn lọ́jọ́ yẹn, mo ní irú èyí wù mí. Ṣé o rántí ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa? Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi wà ní mọ́ṣúárì torí ọmọ wọn ní Kánádà ò tíì rí àyè wá. Ọ̀sẹ̀ méje nínú yìnyín, bí ẹja. Èmi kì í ṣe ẹja."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín.

"Kí wọ́n wọ sùtánà mi fún mi. Kí ìjọ kọrin. Kí Múfú àtàwọn ọmọ ẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ. Mi ò fẹ́ kánópì, mi ò fẹ́ màlúù. Ó wá ku ẹyọ kan. Kí wọ́n má dúró dè ọ́."

"Màmá, èmi nìkan lẹ bí."

"Mo mọ iye tí mo bí."

"Wọ́n á ní mo wà lókè òkun, mo jẹ́ kí wọ́n sin ìyá mi bí ẹni tí ò lọ́mọ."

"Wọ́n á sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Mo sọ fún Múfú, ó ní òun ò lè dá a ṣe, àwọn ìjọ á ní Mùsùlùmí gba òkú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo sọ fún ìjọ, wọ́n ní àfi bí ọmọ mi bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ìwọ tó o wà lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn ń wo ojú ẹ. Ohun tí mo ṣe ń pè ọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, tí ò ń gbàdúrà fún mi."

Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí mo ti tò. Mo bi wọ́n bóyá ó tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi ní rójú wọn. Wọ́n ní, "Wá rí ojú mi nígbà tó ṣì lè rí ìwọ náà."

Mo lọ nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ka sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá mi. "Ibí." Mo sún mọ́ ọn. "Má tẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí, "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ewúro síbẹ̀ ni." Bùọ̀dá Múfú, tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ní, "Màmá ti ń ṣe ọ̀gá ilẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú ilẹ̀." Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni mo ń ná bí owó ìpamọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà ní ibùdókọ̀, mo ti kúrò nílé àkọ́kọ́, mo ń lọ sí èkejì. Bùọ̀dá Múfú pè.

"Màmá ti lọ," ni wọ́n wí. "Lójú oorun ni. A ń múra àsùbáà lọ́wọ́ nígbà tí a mọ̀."

Mo jókòó sórí àga ibùdókọ̀ náà.

"Àwọn ìjọ ti wà níwájú mi báyìí. Wọ́n ní ká gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì títí wàá fi dé. Èmi ò fẹ́ lanu. Kí lo wí?"

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi gan-an. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró. Bí mo bá sáré, ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ta ló máa pe ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méje? Kò sẹ́ni tí yóò dá mi lẹ́bi. Ìyìn gan-an ni wọ́n máa yìn mí, wọ́n á ní ọmọ dáadáa ló sáré wá yẹn. Màmá mi ò sì ní sí níbẹ̀ láti bi mí léèrè. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́ mi."

Wọ́n ṣí sípíkà. Mo sọ ọ̀rọ̀ màmá mi fún wọn bí màmá mi ṣe sọ ọ́, láti orí oòrùn dórí ẹja, n kò fi kún un, n kò sì yọ nínú ẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàrin ẹkún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá Ìjọ, tó ti gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi nígbà ìsàmì.

"A ti gbọ́ tìyá ẹ. Ìwọ gan-an ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró dè mí, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ má dúró."

Nígbà tí mo sọ fún Denise, ó ní kí n lọ sílé. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe ilé kan tó kù lọ́sàn-án, nítorí n kò fẹ́ dá wà. Ilé ìyá kan tí wọ́n ń jẹ́ Joan ni. Bí mo ṣe wọlé, wọ́n bi mí bí ara mi ṣe rí. Dáadáa ni gbogbo wa ń fèsì níbẹ̀, bó bá dáa, bí kò dáa.

"Ìyá mi kú láàárọ̀ yìí," ni mo wí. "Wọ́n ń sin wọ́n lọ́wọ́ báyìí."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. "Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún mọ́kànlá tí wọ́n fi wá ọmọ. Mo ti dé ibi tí bàbá mi ti fi sùtánà ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ nígbà tí fóònù mi tàn. Bùọ̀dá Múfú ló kọ̀wé ránṣẹ́: "A ti ṣe é. Àwọn ìjọ ń kọrin, àwa ń ṣe àmín. Oòrùn ṣì wà lókè."

Mo kà á fún Ìyá Joan. Wọ́n fi orí dáhùn, wọ́n ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.